Áàpù tó ń ka ọ̀sẹ̀ oyún: ohun tí mo rí láti ọ̀sẹ̀ 5 títí mo fi bímọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bi mí pé áàpù wo ni mo lò nígbà tí mo wà nínú oyún, tí mo fi máa ń sọ pé ọmọ ti ń hu èékánná, ọmọ ti ń gbọ́ ohùn wa, mo dẹ̀ ṣèlérí pé tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ti pé oṣù 4 báyìí, ó ń sùn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ kó tó jí. Mi ò ní dárúkọ áàpù yẹn torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nípa ẹ̀, mi ò dẹ̀ fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ká sòótọ́ sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọra: wàá fi ọjọ́ tó o rí nǹkan oṣù kẹ́yìn sí i, á bá ẹ ka ọ̀sẹ̀, á fi àwòrán ọmọ hàn ẹ́, á sọ bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, àti ohun tójú ìwọ fúnra ẹ lè máa rí lọ́sẹ̀ yẹn.

Oyún kejì nìyí fún mi. Àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 9, áàpù mìíràn ni mo ń lò nígbà yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn tí mo ti ọsibítù dé, tí mo dùbúlẹ̀ tí mo kọjú sógiri, fóònù á kàn dún, á ní ọmọ rẹ ti pé ọ̀sẹ̀ 10 o, ọmọ ìka ẹ̀ ti pínyà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi tó yọ nǹkan náà dànù. Torí ẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run tún ṣàánú mi, kì í ṣe àwòrán ni mo kọ́kọ́ wò lára áàpù tuntun, mo wo sẹ́tíńsì ẹ̀ bóyá ó níbi téèyàn ti lè sọ fún un pé oyún yìí ò sí mọ́, kó dákẹ́. Èyí ní in, kò fi pa mọ́ rárá. Mi ò lò ó, mo dúpẹ́, àmọ́ torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe mú un, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáńlóòdù èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wá ibẹ̀ wò.

Ibi kíka gan-an ló máa kọ́kọ́ rú yín lójú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tẹ́ ẹ rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ 40 náà, ọjọ́ 280, kì í ṣe ọjọ́ tí oyún dúró. Ìyẹn ni pé tí áàpù bá ní ẹ wà ní ọ̀sẹ̀ 2, kò tíì sí ọmọ kankan nínú yín, ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ já ni. Ọkọ mi ò gbà, ó ní ọ̀sẹ̀ 5 kẹ̀, èmi tí mo ti ìrìn àjò dé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kó jókòó, mo ṣí ojú ìwé ibẹ̀ fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ara ẹ̀ tó balẹ̀. Màmá mi náà, ní tiẹ̀, oṣù ló mọ̀. Tó bá pè, á ní oṣù mélòó ló ti pé, màá ní ọ̀sẹ̀ 22, á ní èwo ni ti ọ̀sẹ̀, ṣé èmi ni n óò wá pín in ni, tó bá wá fi 4 pín 40 tó rí 10, á ní olúwa ẹ̀ ò ní lo oṣù mẹ́wàá lágbára Ọlọ́run. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe gbogbo oṣù ló jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ 280 yẹn ò ju oṣù 9 àti bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń kà látayébáyé náà ni.

Ohun tí áàpù ò mọ̀ ni pé gbogbo obìnrin kọ́ ló ń rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ 28-28. Tèmi máa ń tó ọjọ́ 35. Áàpù gbà pé ọjọ́ 14 lẹyin já, tèmi á sì máa tó bí ọjọ́ 21, ọmọ mi á wá kéré sí iye tó ń kà ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mi ò mọ̀ o. Mo lọ ṣe síkáànù lọ́jọ́ tí áàpù ní mo ti lo ọ̀sẹ̀ 8 àti ọjọ́ 3, ẹni tó ń ṣe síkáànù wò ó, ó ní ọ̀sẹ̀ 7 àti ọjọ́ 2 lòun rí. Orí mi fò lọ. Èmi tí èyí àkọ́kọ́ ti wálẹ̀, mo ti rò pé èyí náà ti dúró, kò dàgbà mọ́. Obìnrin yẹn rí ojú mi, ó yí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní wò ó, ọkàn ẹ̀ ń lù, ó wá bi mí nípa nǹkan oṣù mi, ó ní àṣìṣe kọ́, ọmọ ẹ kéré díẹ̀ sí bó o ṣe rò ni, pé síkáànù oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń sọ ọjọ́ orí oyún tó sún mọ́ òótọ́ jù. Mo dé'lé mo yí ọjọ́ inú áàpù padà, ó gbà láì janpata, gbogbo ọ̀sẹ̀ tún ara ẹ̀ tò. Ibi téèyàn ti ń yí ọjọ́ yìí wúlò gan-an. Ẹ má fi áàpù ja síkáànù níyàn.

Ó wá ku nǹkan tí mo torí ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kíákíá ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò pé bóyá ibà ló ń ṣe wá, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ọkàn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ibi tó máa di ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn ti ń pa dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo fólíkì, ìyẹn kóró róbótó kékeré yẹn, pé ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ká tó lóyún, torí tó o bá dúró dìgbà tó o máa forúkọ sílẹ̀ ní àntínátà ní oṣù kẹrin, iṣẹ́ yẹn ti parí. Mo kà á, mo sunkún díẹ̀, mo pe àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 10, ẹ̀yà ara tó ṣe kókó ti wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, dídàgbà ló kù. Gbogbo àsìkò yẹn ni mo ń tutọ́ sínú ike, tí òórùn irú ò jẹ́ kí n dé ilé ìdáná, tí mo ń gbé atalẹ̀ lẹ́nu ká, ohun tó dẹ̀ ń gbé mi ró ni pé mo mọ nǹkan tó ń lọ nínú mi.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ọmọ o! Blueberry. Raspberry. Kumquat. Kale. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí kumquat rí ní ọjà Bódìjà? Àádọ́ta èèyàn ni mo bi, ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n. Kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe ìwọ̀n tí kò mọ̀? Màmá mi ní kí n dárúkọ nǹkan tóun mọ̀ fóun, èmi náà wá mú rúlà, mo ń wọn nǹkan inú ilé ìdáná wa àti ti ọjà, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù mi. Ọ̀sẹ̀ 4, kò ju kóró irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ 6, wóró ọkà bàbà kan. Ọ̀sẹ̀ 7, ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ 8, ẹ̀pà tí wọ́n ti bó. Ọ̀sẹ̀ 9, ẹ̀kùrọ́. Ọ̀sẹ̀ 10, orógbó, ó fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ọ̀sẹ̀ 12, ẹyin adìyẹ, èyí ló ya màmá mi lẹ́nu jù, ó ní "ẹyin kẹ̀, ó dẹ̀ ti lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀?" Ó ti ní in, Màmá. Ọ̀sẹ̀ 16 ni mo fi píà sí, ọ̀sẹ̀ 20, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó tọ́ dáadáa. Látìgbà tó ti wúwo, mo fi ìwúwo kà á: ọ̀sẹ̀ 28, ọ̀rá iyọ̀ kílò kan, ọ̀sẹ̀ 31, kóńgò ìrẹsì kan. Màmá mi há gbogbo ẹ̀ sórí. Tí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sọ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mọ́, á kàn ní "ó ti di píà." Ẹni tó ń ṣe áàpù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjà tiwa náà síbẹ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ 19 ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bíbélì ní ọlẹ̀ sọ nínú Èlísábẹ́tì, mo ti ń ka ibẹ̀ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí sísọ jẹ́. Kò dà bí kó ta mí nípàá, ó dà bí ìgbà tí ẹja kékeré yí nínú omi. Áàpù ti sọ fún mi ṣáájú pé oyún tó kọ́kọ́ ń dàgbà báyìí, láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 lọ̀pọ̀ obìnrin ń mọ̀ ọ́n, torí náà ara mi balẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tó ti bí mẹ́ta ní òun ti mọ tòun ní ọ̀sẹ̀ 16. Ibi tó ti fún mi láìsùn ni ọ̀sẹ̀ 20. Ọ̀sẹ̀ 19 ó ní ọmọ gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀sẹ̀ 20 ó ní 25. Mo ní kí ló dé, ṣé ọmọ mi wú ni? Mo gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì àgbà ní kílíníìkì wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní títí di ọ̀sẹ̀ 20, orí dé ìdí ni wọ́n máa ń wọ̀n torí ọmọ ká ẹsẹ̀ jọ, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láti orí dé gìgísẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, áàpù ò kọ ọ́ síbì kankan. Nǹkan tí mo sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n bi mí nínú áàpù pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe.

Ó kọ́ wa ní nǹkan púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Pé láti bí ìdajì oyún lọ, ìtọ̀ ọmọ fúnra ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, tó dẹ̀ ń gbé e mì (màmá mi ní kí n má ka ìyẹn fóun mọ́). Pé nǹkan funfun tó máa ń wà lára ọmọ tuntun, tó dà bí òrí, ààbò awọ ara ẹ̀ ni kí omi má baà rẹ ẹ́ bó. Ìyá ọkọ mi ti sọ pé nǹkan ọkùnrin ni, pé kí èmi àti ọkọ mi jìnnà síra wa kí ọmọ lè mọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo fóònù, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní "ó dáa, a gbọ́." Nígbà tí áàpù wá sọ ní ọ̀sẹ̀ 24 pé ọmọ ti lè máa gbọ́ ohùn, àwọn gan-an ló ń fi fóísì nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀, àdúrà àti oríkì, pé kí n gbé fóònù lé ikùn. Mo ń gbé e lé e. Ọmọ á yí.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé láti ọ̀sẹ̀ 5 dé 39, mi ò rí ọ̀rọ̀ ibà ẹ̀fọn kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n kọ nípa ẹja tútù àti wàràkàṣì, wọ́n kọ nípa ológbò, wọn ò kọ nípa ẹ̀fọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ibà yẹn lè wọnú olóbi lọ, kí ọmọ má wúwo tó bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá bí i, ìyá náà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á máa gbẹ. Fansidar, oògùn tí wọ́n ń fún wa ní kílíníìkì kí ibà má baà mú wa, láti bí ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù kan-oṣù kan ni wọ́n ń fi sáàárín, iwájú nọ́ọ̀sì lèèyàn dẹ̀ máa ń lò ó. Ẹni tó bá gbára lé áàpù nìkan ò ní gbọ́ orúkọ oògùn yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò bi mí ní jínótáìpù èmi àti ọkọ mi. Tí wọ́n bá ní kí n jẹ salmon, ẹja títù àti ẹ̀fọ́ ni mo rọ́pò ẹ̀, ìyẹn rọrùn, ti ibà ò ní ìrọ́pò. Ní àntínátà wa, lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti aago 7, a máa ń kọrin, a máa ń pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì á wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú àti ọwọ́ wíwú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, nípa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àwọn kan máa ń sọ pé orin yẹn ń fi àkókò ṣòfò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí fóònù mi ò sọ.

Ibì kan wà nínú áàpù tí màá dúpẹ́ fún títí ayé: ibi tí wọ́n ti ń ka bí ọmọ ṣe ń yí. Láti ọ̀sẹ̀ 28 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, màá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, tó bá yí màá tẹ̀ ẹ́, títí á fi pé mẹ́wàá. Tèmi kì í pé ìṣẹ́jú 40 tí á fi pé. Ní ọ̀sẹ̀ 34, alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wákàtí kan kọjá, mẹ́ta. Mo mu omi tútù, mo jẹ búrẹ́dì, mo yí padà. Ó di wákàtí méjì, márùn-ún. Ọkọ mi ní bóyá ó ń sùn, àmọ́ nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ fún wa pé ìwọ lo mọ ìṣe ọmọ ẹ, tó bá ti yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe, má dúró dọ̀la. Iná ò sí, a gbé ọ̀kadà láàrin òru, mi ò lè sọ àdúrà tí mo gbà lọ́nà yẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ikùn mi, mo gbọ́ ọ, gbù-gbù-gbù-gbù, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejìlélógóje (142) ni ọkàn ẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, pé láàárín 110 sí 160 ló yẹ kó wà. Wọ́n dá mi dúró di àárọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta bó ṣe máa ń ta. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó bá mi wí pé mo dààmú àwọn, wọ́n ní àwọn tí kì í tètè wá ló ń ba àwọn lẹ́rù. Tí kì í bá ṣe pé ó wà lákọsílẹ̀ nínú fóònù pé ìṣẹ́jú 40 ni tèmi ń lò, bóyá mi ò bá ti gbà pé ó ń sùn.

Nǹkan kéékèèké tó kù: òyìnbó ni gbogbo ọmọ inú àwòrán, wọn ò tíì ṣe é lédè Yorùbá, èmi ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ìyá wa. Fídíò ẹ̀ ń jẹ dátà gan-an, ẹ pa á kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ nìkan. Ìpolówó ẹ̀ pọ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọ olówó ńlá tí kò lè rìn ládùúgbò wa. Mi ò san kọ́bọ̀, ti ọ̀fẹ́ yẹn tó. Aládùúgbò mi tó gbé ìbejì sọ pé kò bá tòun mu láti ọ̀sẹ̀ 30 lọ, ọmọ ẹyọ kan ni ìwọ̀n inú ẹ̀ wà fún, ìbejì dẹ̀ sábà máa ń kéré sí ìyẹn, wọ́n tún máa ń tètè dé. Níbi tí ìbejì pọ̀ tó tiwa yìí, tí Ìgbò-Ọrà ò jìnnà sí wa, àìdáa gbáà ni.

Ó ràn mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn náà. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun ní ọ̀sẹ̀ 36 kí ọjọ́ ìkómọ lè bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa wálé láti London, kò sí àìsàn kankan. Mo fi ojú ìwé ọ̀sẹ̀ 35 hàn án, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọpọlọ ọmọ nígbà yẹn ò tíì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo tó máa ní ní ọ̀sẹ̀ 40. Dókítà ẹ̀ sọ ohun kan náà fún un, ó dúró di ọ̀sẹ̀ 39.

Èmi náà bí tèmi ní ọ̀sẹ̀ 39 àti ọjọ́ 3, kílò 3.2, tibi tire, wọ́n gbóhùn ìyá wọ́n gbóhùn ọmọ. Màmá mi ti gbé kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú dé, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kí nǹkan funfun ara ẹ̀ dúró ná, ìyá ọkọ mi ló wá ń ṣàlàyé fún màmá mi pé ààbò awọ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, áàpù ní mo wọ ọ̀sẹ̀ 40, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ sí pé ọmọ ti dé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú 5. Ti ibà ẹ̀fọn ni mo fi yọ ìkan. Àbúrò mi tí mo pariwo fólíkì fún níjelòó ti dáńlóòdù ẹ̀, mo ti ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì mi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ọjà tí mo kọ síbẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ ni tiẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.